Ẹ̀rín Tí Kì Í Ṣe Ti Bùrọ̀dá Jímọ̀

"Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, tíì ò tíì dé orí tábìlì! Ṣé ilé nìyí, àbí..."

Ọ̀rọ̀ há sí Bùrọ̀dá Jímọ̀ lẹ́nu. Ó dúró láàárín pálọ̀, fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè lórí, fèrè lọ́rùn, ó ń wo Susannah tó gbé ife tíì dání níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Jímọ̀ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kan tí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá bi í pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ta ni yín?"

Susannah yanu. Láti ọdún méje tó ti ń ṣe ìyàwó Jímọ̀ nínú eré, kò sí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé eré kankan rí. Ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kíá ló gba ọ̀rọ̀ náà mú.

"Ta ni mí? Èmi ìyàwó yín! Ìyàwó ọdún mẹ́tàdínlógójì!"

"Ìyàwó mi?" Jímọ̀ mi orí. "Rárá o. Ẹ ṣìlé ni. Ìyàwó mi kò ga tó yín."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà bu ètè jẹ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n; ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Àrìnpé, tó ń darí eré náà, jókòó sídìí tẹlifíṣàn kékeré tó fi ń wo ohun tí kámẹ́rà ń rí, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tán, tó tún wo inú tẹlifíṣàn náà, ló tó rí ọwọ́ òsì Jímọ̀. Ọwọ́ náà di ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mú pinpin, bí ọmọdé tó sọ ìyá rẹ̀ nù lọ́jà ṣe máa ń di aṣọ ara rẹ̀ mú.

Jímọ̀ yíjú sí i. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Àrìnpé ti mọ ojú yẹn. Bí Jímọ̀ bá dá àpárá kan tó dùn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi máa ń wò ó, bí ẹni ń béèrè pé, "Ó wọlé àbí kò wọlé?" Lọ́jọ́ yìí, odindi ojú méjèèjì ló fi wò ó, ohun tí ojú náà sì ń béèrè kì í ṣe ti àpárá.

"Ẹ dá kámẹ́rà dúró," ni Àrìnpé wí. "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Ilé tí wọ́n ti ń ya eré náà kò jìnnà sí teṣàn rélùwéè Ọ̀fà. "Bàbá Teṣàn" lorúkọ eré ọ̀hún, òun náà sì lorúkọ tí gbogbo ìlú wá ń pe Jímọ̀. Ọ̀gá teṣàn tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi í ṣe, ẹni tó ń fi àkókò rélùwéè darí ilé rẹ̀: fèrè fún oúnjẹ, fèrè fún ìwẹ̀, fèrè bí àlejò bá pẹ́ kó tó lọ. Bẹ́ẹ̀, rélùwéè fúnra rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n bá ń ṣe é lórí tẹlifíṣàn, àwọn tó ń tajà ní ọjà Ọ̀wódé á pa igbá tì, wọ́n á lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá ní tẹlifíṣàn.

Jímọ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dongoyárò ìta nígbà tí Àrìnpé bá a. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ibo lẹ ti rí èyí yẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ní Susannah ṣìlé."

Jímọ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an, sà."

"Bó bá ti dùn, ká máa bá iṣẹ́ lọ." Ó dìde. Ó rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe síhà ẹnu ọ̀nà ilé, síhà géètì ni. Ó dúró, ó yí padà fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Oòrùn yìí pọ̀ lónìí."

Àrìnpé padà wọlé. Ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìyókù ọ̀rọ̀ Jímọ̀ sára páálí, kí wọ́n gbé e sẹ́yìn kámẹ́rà, ó ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Báyìí ni wọ́n ṣe parí ti ọjọ́ náà.

Bí kò bá sí Jímọ̀, kò ní sí Àrìnpé nídìí eré. Ọmọ tíṣà ni Àrìnpé, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ nílé wọn, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ kó di tíṣà bíi tòun. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló rí ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Ìlọrin nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Òun ló ń tẹ ìwé eré fún àwọn òṣèré. Káfíńtà ni Jímọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Òun ló ń kan àga àti ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń ṣeré, bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tó máa ṣe gáàdì tàbí onígbèsè, wọ́n á ní kó gbé òòlù sílẹ̀ kó wá ṣe é.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi eré dánra wò, Àrìnpé tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú bébà lórí itan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń darí eré nígbà náà kọjú sí i. "Ìwọ tó o wá tẹ̀wé, ta ló pè ọ́ sí i? Jáde!" Jímọ̀ ló dá sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má lé e. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ibi tí mo ti pariwo lẹ ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí nìkan ló rẹ́rìn-ín síbi tí mo ti dákẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí Àrìnpé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ọdún méjìlá ló fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé eré kan lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní obìnrin lè ṣe ètò oúnjẹ, ó lè ṣe ti àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n pé eré apanilẹ́rìn-ín kì í ṣe ohun tí obìnrin ń darí. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi ṣe é, kí àwọn oníléeṣẹ́ ńlá lè gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì bínú sí ìyàwó rẹ̀ ní Ọ̀fà, òun ò tíì rí i. Yorùbá ló fi ṣe é, Yorùbá ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀. Eré mẹ́rin ló ti darí láti ìgbà náà. Méjì nínú wọn kò lọ dáadáa rárá. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé òun àti Jímọ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí i. "Bàbá Teṣàn" ni ìkẹrin, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àrìnpé ń gbá iwájú ilé nígbà tí ọ̀kadà kan já Alhaja Àṣàkẹ́, ìyàwó Jímọ̀, sílẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, tó máa ń yára rìn bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè níbì kan. Àrìnpé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí o?"

"Dìde, ọmọ mi. Ó wà, kò sì pọ̀."

Wọ́n wọlé. Alhaja kò gba omi, kò fẹ̀yìn ti àga.

"Jímọ̀ ní òun pa gbogbo yín lẹ́rìn-ín lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín."

Àrìnpé wolẹ̀.

"Ọkọ mi ń gbàgbé, Àrìnpé. Kì í ṣe ìgbàgbé tí gbogbo àwa àgbà ń gbàgbé. Dókítà tá a lọ bá ní Ìlọrin ti sọ fún wa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó ní ọpọlọ rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Jímọ̀ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ìwọ."

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi, mà?"

"Ó ní bó o bá mọ̀, wàá máa wo òun bí aláìsàn. Bó o bá sì ń wo òun bí aláìsàn, òun ò ní lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́." Alhaja tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò sì sí ohun tó ṣe gèlè náà. "Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, kò wálé. Ìrọ̀lẹ́ la tó rí i lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé, ó jókòó sábẹ́ igi kan, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣó o mọ èyí tó dùn mí jù? Àwọn èèyàn ti rí i ṣáájú wa. Ó béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, 'Bàbá Teṣàn! Ẹ tún ti dé!' Eré ni wọ́n pè é. Wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá tiwọn lọ."

Àrìnpé kò mọ ìgbà tó di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, mà? Ṣé kí n ní kó lọ sinmi?"

"Má dán an wò! Ọjọ́ tí eré bá wà, ó máa ń mọ ọjọ́ tó jẹ́. Á jí, á wẹ̀, á pe orúkọ gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí kò bá sí eré ni mò ń bẹ̀rù. Jẹ́ kó ṣe é títí ibi tó bá lè ṣe é dé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún..."

"Ẹ̀rín là á fi rín, mo mọ̀ ọ́n," ni Alhaja wí. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Wọn ò sọ pé kí ará ìta bá a rín in."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí, pe Àrìnpé lórí fóònù. Hadassah, ọmọbìnrin tó ń bá Àrìnpé gé àwòrán eré, tó sì ń tò ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ti fi ohun tí wọ́n yà lánàá ránṣẹ́ sí Ìlọrin bó ṣe máa ń ṣe.

"Mummy Àrìnpé! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" Ọ̀gá náà kò jẹ́ kó kí òun tán. "Gbogbo ọ́fíìsì ló pé lé tábìlì mi lórí! 'Ẹ ṣìlé ni, ìyàwó mi kò ga tó yín!' Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti wò ó!"

"Àṣìṣe ni, ọ̀gá. Kò sí nínú ìwé eré."

"Àṣìṣe tó dùn tó báyìí, ẹ jẹ́ kí Bàbá máa ṣe é lọ! Ẹ gbọ́, mà. Àwọn ọlọ́ṣẹ tó ń gbọ́ bùkátà eré wa ti rí i. Wọ́n ní kí ìgbàgbé di ara ìwà Bàbá Teṣàn. Ọ̀sẹ̀ yìí kó gbàgbé ìyàwó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó gbàgbé ọmọ, lẹ́yìn náà kó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé eré yìí fún ọdún méjì sí i. Èyí tí Bàbá ṣe lánàá la ó sì máa fi polówó ẹ̀."

Àrìnpé fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí ọwọ́ Alhaja nínú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, ọ̀gá."

"Kí lẹ fẹ́ rò níbẹ̀, Mummy? Àsìkò yín ló dé yìí."

Ó lọ bá Hadassah ní yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gé eré, ó ní kó gbé ibẹ̀ wá kí òun wò ó. Hadassah bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí Jímọ̀ tó dákẹ́ rárá, nítorí ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Àrìnpé fọwọ́ lẹ́rán. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan la fẹ́ sọ, kò sí irú ẹ̀ nínú gbogbo ọdún méje náà. Dídákẹ́ yẹn gùn bó ṣe yẹ kó gùn gẹ́lẹ́. Orí tí Jímọ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìtìjú kékeré tó wà nínú "ẹ jọ̀ọ́, ìyá" yẹn, kò sí olùdarí kan láyé tó lè kọ́ ènìyàn. Ó ní kí Hadassah tún un gbé wá. Nígbà kẹta, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun Àrìnpé fúnra rẹ̀, ẹ̀rín tó ga, tó ti inú wá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó bú àgbà.

"Mummy, ṣé kò sí?" ni Hadassah bi í.

"Dà á sínú kọ̀ǹpútà tí mo lè gbé jáde," ni èsì tó fún un. "Mo fẹ́ gbé e lọ síbì kan lọ́la."

Àgbàlá ẹ̀yìn ilé Jímọ̀ ni Àrìnpé ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó ń fá pákó kan, etí rẹ̀ kún fún lẹ́búlẹ́bú igi. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

"Àṣàkẹ́ ti wá sọ́dọ̀ rẹ," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, Àrìnpé ò tíì kúnlẹ̀ tán.

"Ó wá, sà."

"Mo mọ̀. Ó dín ẹyin fún mi lánàá, ó tún dín in lónìí. Bó bá ti ṣe ohun tí mo ní kó má ṣe, ẹyin ló máa ń dín."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín, Jímọ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Àrìnpé gbé kọ̀ǹpútà jáde nínú báàgì.

"Bùrọ̀dá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo nǹkan kan. Bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní fi hàn yín."

"Ṣé ibi tí mo ti ṣì sọ ni?"

"Òun ni, sà."

"Gbé e wá."

Jímọ̀ wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún un gbé wá. Nígbà kẹta ó ní kó pa ohùn rẹ̀, ó sì sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ń wo ojú ara rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo ibi tí igi méjì ti pàdé.

"Ojú yẹn dára," ó ní. "Bí mo bá fi ọdún kan kọ́ ọ, mi ò lè ṣe ojú yẹn."

Àrìnpé wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí wí, àwọn ọlọ́ṣẹ, ọdún méjì. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Jímọ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o rẹ́rìn-ín?"

Irọ́ ti dé etí ètè Àrìnpé kó tó gbé e mì. "Mo rẹ́rìn-ín, sà. Lọ́jọ́ náà, àti lánàá."

"Ó yẹ kó o rẹ́rìn-ín. Ó dùn." Jímọ̀ gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mi ò sí níbẹ̀, Àrìnpé. Mo wo Susannah, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo rí. Mo rò pé ó ṣìlé lóòótọ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mò ń rò ó bí mo ṣe máa júwe ọ̀nà fún un, ẹ̀yin sì ń rẹ́rìn-ín. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tí mi ò fi ọwọ́ mi kàn bí ẹní kan àga. Bó o bá jí mi lójú oorun, màá fi ibi tí mo gbá ìṣó sí hàn ọ́. Èyí tó o gbé wá yìí, mi ò kàn án. Má fi orúkọ mi sí iṣẹ́ tí mi ò ṣe."

"Bí a bá yọ ọ́ kúrò, wọ́n lè pa eré náà tì."

"Mo gbọ́. Ìwọ lò ń darí. Èmi ti sọ tèmi."

Adìẹ kan kọjá láàárín wọn, ó ń ṣa nǹkan jẹ nínú lẹ́búlẹ́bú igi. Àrìnpé wo ọwọ́ Jímọ̀. Àwọn ọwọ́ náà ti padà sórí pákó, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ wò wọ́n.

"Ṣé mo lè sọ fún Ọ̀gá Olúṣèyí ohun tó ń ṣe yín?"

"Sọ fún un. Àìsàn ni, mi ò jalè." Ó gbé orí sókè. "Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jókòó, jẹ́ kí n tún ṣe ọ̀kan tó jẹ́ tèmi. Kó má ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń sá fún mi. Ọwọ́ ò tíì sá."

Inú mọ́tò, níwájú ilé Jímọ̀ níbẹ̀, ni Àrìnpé ti pe Ìlọrin. Ó sọ ọ́ láìlọ́ ọ pọ̀. Àrìnpé gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mummy, ẹ má bínú," ni ọ̀gá náà wí. "Mo fi han àwọn ọmọ mi nílé. Gbogbo wa là ń sín in jẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Àwọn ọlọ́ṣẹ ti fọkàn sí i. Bí mo bá ní kò sí i mọ́, wọ́n á kúrò. Ẹyọ kan tó kù tí a ò tíì yà yìí la ó fi parí eré náà. Ti ọdún tó ń bọ̀, mi ò lè ṣèlérí fún yín. Wọ́n ti ń bi mí bóyá kí n wá olùdarí tó kéré lọ́jọ́ orí, tó mọ ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fẹ́."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ rò ó wò? Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, mà. Bàbá gan-an lè gbàgbé."

Ẹ̀rù ba Àrìnpé. Kì í ṣe Olúṣèyí ló bà á lẹ́rù. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Àrìnpé, kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

"Èmi á mọ̀, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ tó kù parí ẹ̀."

Ó dé ọ̀dọ̀ Hadassah, ó ní kó pa ibẹ̀ rẹ́. Hadassah ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Gbogbo ẹ̀, Mummy? Ká má tilẹ̀ tọ́jú ọ̀kan sílé?"

"Gbogbo ẹ̀. Pe Ìlọrin, kí wọ́n pa tiwọn náà rẹ́, kó o sì dúró lórí fóònù títí wọ́n á fi ṣe é."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ tó fi jókòó ti tábìlì. Eré tó kọ kò gùn. Bàbá Teṣàn bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó sì búra pé òun ò ní la ẹnu sọ̀rọ̀ títí rélùwéè yóò fi kọjá. Gbogbo ará Ọ̀fà ló mọ̀ pé ìbúra burúkú nìyẹn. Fèrè nìkan ló kù tí yóò máa fi sọ̀rọ̀. Àga kan wà nínú pálọ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin kúrú. Bàbá Teṣàn pinnu láti tún un ṣe. Ìyókù ibẹ̀, Àrìnpé fi sílẹ̀ láìkọ. Ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bùrọ̀dá Jímọ̀ mọ ohun tó kù."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ yà á, Alhaja Àṣàkẹ́ ló mú ọkọ rẹ̀ wá, ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀, báàgì lórí itan. Jímọ̀ kí gbogbo èèyàn. Ó pe Susannah ní "Ìyá Ọmọ́ládé", bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ Susannah nìyẹn. Susannah dáhùn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Teṣàn wọlé, ó jókòó sórí àga, àga náà dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó wò ó bí ẹni tó mú òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó mú ayùn. Ó wọn ẹsẹ̀ àga náà pẹ̀lú okùn fèrè rẹ̀, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó gé ẹsẹ̀ kan kúrú. Ó jókòó, àga náà dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún wọ̀n ọ́n, ó tún fun fèrè, ó tún gé e. Kò kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń gé e lọ ni àga ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni iyì ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀, títí àga fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Nígbà tó jókòó níkẹyìn, kò mì mọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Àgbọ̀n rẹ̀ ló bá etí tábìlì dọ́gba. Susannah gbé tíì wá, ó gbé e síbi tó máa ń gbé e sí, ọwọ́ Bàbá Teṣàn sì gòkè wá díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ife kiri lórí tábìlì bí afọ́jú tó ń wá ilé, ojú rẹ̀ kọ iwájú gán-ún bí ọ̀gá tí rélùwéè ń bọ̀ wá bá.

Ilé gba ẹ̀rín. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ tún ti kọjú sógiri. Alhaja Àṣàkẹ́ ń fi etí gèlè nu ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Àrìnpé náà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sínú ẹ̀rín náà.

Jímọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Àrìnpé."

"Sà?"

"Wọ́n yára rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo jókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi ti ń wá ife ni mo fẹ́ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Mo kánjú tún fìlà ṣe, mi ò jẹ́ kí wọ́n dúró dè mí."

Àrìnpé rò ó wò. Òótọ́ ló sọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, òun tó ń darí kò sì rí i.

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ti gé àga tán."

"Àga mẹ́ta ni mo kàn," ni Jímọ̀ wí. "Àwọn méjì wà ní fàráńdà. Ẹ gbé mi dìde."

Àrìnpé na ọwọ́ sí i. Ó wúwo ju bí ó ti rò lọ. Nígbà tó dúró tán, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ti wọlé. Àrìnpé ní kí wọ́n lọ gbé àga kejì wá.